Àlọ́ Ọ̀sán Gangan

Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyàwó rẹ̀, Bàbá Àlàní kò bá ẹ̀dá alààyè sọ̀rọ̀ mọ́. Dókítà yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Bàbá ń jẹun, ó ń kírun, ṣùgbọ́n kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ẹ̀rù ń ba Tàíbátù ọmọ rẹ̀ pé àgbà tó bá dákẹ́ báyìí, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa tẹ̀ lé òkú lọ.

Ẹ̀kọ́ nípa ìjìnlẹ̀ ọkàn ènìyàn ni Tàíbátù ń kọ́ ní yunifásítì ní Ọ̀jọ́. Olùkọ́ wọn ní Ìjàpá inú àlọ́ kì í ṣe ẹranko lásán. Apá kan nínú ọkàn oníkálukú ni, alágídí tí kì í gbọ́ràn sófin, tó máa ń wá ihò gbà jáde níbi tí a bá ti tilẹ̀kùn. Tàíbátù rò ó títí. Tó bá jẹ́ òótọ́, ibo ni Ìjàpá bàbá òun sá pamọ́ sí? Ó ń wù ú láti fojú ara rẹ̀ rí i.

Lọ́sàn-án Sátidé, ó gbé àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ lábẹ́ igi fúrúùtù ilé wọn n'Íbà. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé èèwọ̀ Bàbá ni àlọ́ ọ̀sán. Àlọ́ náà ló sì bẹ̀rẹ̀: Yánníbo ń wá ọmọ, wọ́n se àsèjẹ fún un, wọ́n ní kí Ìjàpá ọkọ rẹ̀ gbé e lọ fún un, kó má fẹnu kàn án.

Bàbá wo oòrùn, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Ìjàpá bá gbé ọbẹ̀ délé," Tàíbátù ń bá a lọ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. "Kò tọ́ ọ wò rárá. Yánníbo jẹ ẹ́, ó sì bí ìbejì."

"Irọ́ ni." Ohùn Bàbá ha. "Ìjàpá wo nìyẹn? Òun ló jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ tán, ikùn rẹ̀ wú."

Inú Tàíbátù dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó rò pé òun ti fọgbọ́n mú bàbá òun. Àṣé ọ̀nà tí àgbà ti rìn gbó ni ọmọ yìí ń tọ̀.

"Bí ìyá ẹ ṣe máa ń ṣe nìyẹn," Bàbá ní. "Tí mo bá bínú tí mi ò dá a lóhùn, á pàlọ́ lọ́sàn-án, á sì bà á jẹ́, kí n lè tún un ṣe."

"Ẹ ò mọ̀ pé wọ́n ń tàn yín ni?"

"Mo mọ̀. Mo máa ń jẹ́ kó tàn mí ni."

Tàíbátù wá ń rò ó wò: nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bàbá, ìyá àti òun fúnra rẹ̀, ta gan-an ni Ìjàpá? Bàbá fi etí agbádá nu ojú, ó sì sún mọ́ ọn.

"Òmíràn ńkọ́?" ó ní. "Bà á jẹ́ dáadáa o."