Iṣẹ́ Gideon

Abala tairolíìnì kan tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn já bọ́ lára ògiri, ó fọ́ sẹ́bàá ẹsẹ̀ Ṣàfíù, eruku sì bo gbogbo ẹ̀yìn ilé. Ó fò sẹ́yìn, ó bú ògiri náà díẹ̀, ó tún padà síbẹ̀ pẹ̀lú òòlù rẹ̀. Láti aago méje àárọ̀ ni òun àti Zikrullah, lébírà rẹ̀, ti ń họ ara ilé Alhaja Mọ̀dínátù ní Egan.

Tairolíìnì yìí, àwọn tó kọ́lé nígbà kan fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú. Ẹ̀rọ àfọwọ́yí ni wọ́n fi ń fọ́n sìmẹ́ńtì rẹ̀ mọ́ ògiri títí á fi rí ṣákaṣàka bí èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó. Ṣùgbọ́n ti ilé yìí ti dúdú, ó ti sán káàkiri, bí òjò bá sì rọ̀, ògiri yàrá Alhaja á máa làágùn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kí wọ́n họ gbogbo rẹ̀ kúrò, kí wọ́n tún ilé náà rẹ́ kó jọ̀lọ̀.

Ògiri ẹ̀yìn tí wọ́n ń họ yìí lórúkọ ládùúgbò. Olóògbé Alhaji Abdulsobur, ọkọ Alhaja, ló sọ ọ́ lórúkọ. Ọdún tí wọ́n kọ́lé náà kò tíì parí tí apá kan fi ya lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ilé ìdáná. Wọ́n dí ojú ibi tó ya, ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn, bí àlejò bá wá, Alhaji á mú un lọ sẹ́yìn ilé, á ní, "Iṣẹ́ Gideon nìyẹn." Ọ̀rọ̀ náà kúrò nílé, ó bọ́ sígboro. Títí dòní, bí ilẹ̀kùn kan kò bá pa dé, bí télọ̀ bá ba aṣọ jẹ́, iṣẹ́ Gideon ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọmọdé tó ń sọ ọ́ kò tilẹ̀ mọ̀ pé èèyàn ni Gideon, pé ó wà láàyè, pé òun ló ni ibi tí wọ́n ti ń gé búlọ́ọ̀kù lójú ọ̀nà Ìgàndó.

"Ọ̀gá," Zikrullah pè láti orí àkàbà, "iṣẹ́ Gideon yìí mà ga o. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún." Ó fi ìdí òòlù kan ògiri, ó sì dún bí igbá òfìfo.

Ṣàfíù rẹ́rìn-ín. Òun náà ti fi ọ̀rọ̀ yẹn bá ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ wí. Òun àti Gideon ni wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá Ọmọ́níyì, ilé yìí sì ni iṣẹ́ tí wọ́n jọ ṣe gbẹ̀yìn. Iwájú ni ọ̀gá pín fún Ṣàfíù, ó pín ẹ̀yìn fún Gideon. Ṣàfíù fi àtẹ́lẹwọ́ nu eruku kúrò lára sìmẹ́ńtì àkọ́kọ́ tó wà lábẹ́ tairolíìnì, ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ sì dúró sí.

Kí wọ́n tó fọ́n tairolíìnì, bíríkìlà a máa fi ìṣó ha sìmẹ́ńtì tútù náà, kí èyí tó ń bọ̀ lórí lè rí ibi dì mú. Ẹni tó bá ń fi ọ̀tún ṣiṣẹ́, ìlà rẹ̀ á ti ìsàlẹ̀ lápá òsì gòkè lọ sápá ọ̀tún. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo bíríkìlà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ìlà tó wà níwájú Ṣàfíù yìí, apá òsì ni wọ́n ń gùn lọ, láti ìpìlẹ̀ dé òkè fèrèsé.

Nínú gbogbo ọmọ tí Bàbá Ọmọ́níyì kọ́, ẹnì kan péré ló jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì. Ìyá Ṣàfíù nà án ní Ògbómọ̀ṣọ́ títí ó fi ń fi ọ̀tún jẹun, aáfà fi pàṣán kọ́ ọ títí ó fi ń fi ọ̀tún kọ̀wé, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ìdí iṣẹ́ bíríkìlà, ọwọ́ òsì rẹ̀ ò gbà. Ọwọ́ náà ló ṣì fi di òòlù mú báyìí.

Ó kọ́kọ́ rò pé ojú òun ló ń ṣe òun. Ó mú ìṣó kan, ó fi tọ ìlà kan láti ìsàlẹ̀ dókè. Ọwọ́ rẹ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ń rin ọ̀nà ilé rẹ̀.

Ọdún méjìlélógún sẹ́yìn ni, nínú oṣù àwẹ̀. Gideon ti ká sútánà funfun rẹ̀ sínú báàgì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn ń gbàdúrà ọlọ́jọ́ mẹ́ta, Bàbá Ọmọ́níyì sì ti ní kò gbọdọ̀ lọ, ṣùgbọ́n Bàbá fúnra rẹ̀ kò sí nílé. Ó bẹ Ṣàfíù pé kó bá òun rẹ́ ẹ̀yìn, Ṣàfíù sì gbà. Lẹ́yìn ìrun Alásàrí ló tó kọjú sí i. Oòrùn ti yan búlọ́ọ̀kù náà gbẹ. Kànga ti gbẹ, ìlàjì dúrọ́ọ̀mù omi ló kù, òun náà sì ni àwọn tó ń gbààwẹ̀ máa fi ṣe àlùwàlá, tí wọ́n á fi ṣínu. Bẹ́ẹ̀, ògiri tó gbẹ gbọ́dọ̀ mumi kó tó gba sìmẹ́ńtì. Bí kò bá mumi, á fa omi inú sìmẹ́ńtì mu, wọn ò sì ní di ara kan láéláé. Ẹni tó lo oṣù kan péré lẹ́nu iṣẹ́ mọ èyí. Ṣàfíù wo dúrọ́ọ̀mù, ó wo oòrùn, ó sì rẹ́ ògiri náà ní gbígbẹ. Ó ha á, ó lọ ṣínu.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ògiri ya. Bàbá Ọmọ́níyì pe àwọn méjèèjì síwájú Alhaji, ó bi wọ́n pé ta ló rẹ́ ẹ̀yìn. Gideon ní òun kò sí níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ó sì wo Ṣàfíù. Ṣàfíù ní Gideon ni wọ́n pín ẹ̀yìn fún, òótọ́ ni. Wọ́n bi Gideon ní ibi tó lọ, ó ní ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá sì ní ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ti di méjì. Wọn kò ṣe fírídọ́ọ̀mù fún un. Bíríkìlà tí ọ̀gá rẹ̀ kò bá gbàdúrà fún lójú ẹgbẹ́, ta ni yóò gbé ilé lé e lọ́wọ́? Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ti Ṣàfíù.

Láti ìgbà náà ló ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò rántí ẹni tó rẹ́ ibẹ̀. Ní báyìí tó dúró síwájú ìlà ọwọ́ ara rẹ̀, ó mọ̀ pé oṣù mẹ́ta kéré jù fún èèyàn láti gbàgbé ohun tó ṣe. Kò tíì gbàgbé lọ́jọ́ tí wọ́n bi í. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ìgbàgbé, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Ojú tì í débi pé ó bojú wẹ̀yìn bóyá ẹnikẹ́ni rí òun.

Zikrullah ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, ó sì ti po sìmẹ́ńtì fún ògiri ẹ̀gbẹ́. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n fọ́ eléyìí dànù ṣá," ó ní. "Òòlù mélòó ni yóò gbà?"

Lóòótọ́, kò ní gbà ju òòlù mẹ́wàá lọ tí ìlà náà á fi di ẹrùpẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní rí i mọ́ títí ayé. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Ti Ṣàfíù ti fi ọdún méjì lé e.

Ó ní kí Zikrullah má fọwọ́ kan ògiri náà. Ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sọ́dọ̀ Gideon.

Gideon ń bu omi wọ́n búlọ́ọ̀kù tó gé lánàá, ó rọra ń ṣe é, kò fo ọ̀kan. Láti ọdún tí ògiri ya, wọn ò kí ara wọn ju ẹ kú iṣẹ́ lọ, láti òdìkejì títì. Ṣàfíù kò lè sọ ọ́ níbẹ̀. Ó kàn ní kó jọ̀ọ́, kó wá wo nǹkan kan nílé Alhaji. Gideon gbé agolo omi kalẹ̀, ó tẹ̀ lé e.

Nígbà tí wọ́n dé iwájú ògiri, Gideon kò sún mọ́ ọn.

"Mo ti mọ̀," ó ní. "Mo rí i láàárọ̀ ọjọ́ tí mo dé, kí wọ́n tó fọ́n tairolíìnì lé e."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Mo sọ pé mi ò sí níbẹ̀. Èyí tó kù, ìwọ ni mo ń retí pé kó o sọ ọ́."

Kò fi ìbínú sọ ọ́, èyí ló sì dun Ṣàfíù jù. Ó lóṣòó sínú eruku, ó ní òun jẹ̀bi, ó bẹ̀bẹ̀. Gideon kò ní kó dìde, kò ní kó má dìde.

Alhaja gbọ́ ohùn wọn, ó rọra jáde wá, ọwọ́ rẹ̀ kan lára ògiri. Ṣàfíù sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ọ̀ṣọ́ kún un: òun ló rẹ́ ẹ, òun kò bomi rin ín, òun sì dákẹ́. Zikrullah, tó ń gbọ́ látẹ̀yìn, ń wo Gideon bí ẹni tí òwe jáde síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjì.

Alhaja yíjú sí Gideon. "Alhaji kú pẹ̀lú orúkọ yìí lẹ́nu," ó ní. "Gideon, jọ̀ọ́, má bínú sí òkú." Ó ní kí Zikrullah gbé àga wá fún Gideon. Ó gbé e wá, ṣùgbọ́n Gideon kò jókòó.

Sìmẹ́ńtì tí wọ́n ti pò ti ń le. Ṣàfíù dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, àyà rẹ̀ sì fúyẹ́ díẹ̀, bí ẹni tó ti sọ ẹrù kalẹ̀. Ó mú òòlù. Ó ti gbé e sókè nígbà tí Gideon sọ̀rọ̀.

"Má tíì fọ́ ọ. Bàbá ò tíì rí i."

Bàbá Ọmọ́níyì ti lé lọ́gọ́rin ọdún, Àgbàdo ló wà. Níbi gbogbo tó bá ti ń ka orúkọ àwọn ọmọ tó kọ́, Ṣàfíù ló máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Kò sí ìgbà kan tó dárúkọ Gideon.

Ṣàfíù sọ òòlù kalẹ̀. Ó ní kí Zikrullah kó sìmẹ́ńtì náà lọ dí kòtò iwájú géètì kó tó le tán. Ó wẹ ọwọ́ nínú dúrọ́ọ̀mù omi tó kún dẹ́nu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àkókò àtiparí iṣẹ́ kò tíì tó, ó sì yọ fóònù rẹ̀.

"Bàbá, Ṣàfíù ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ síbì kankan. Mò ń bọ̀ wá mú yín."

Ìgbà yẹn ni Gideon fa àga náà mọ́ra. Ó gbé e síbi tí òjìji wà, ó kọjú rẹ̀ sí ògiri, ó sì jókòó de Bàbá.