Ọ̀rọ̀ Látìn Lókè Ilẹ̀kùn Mùílíù

Ẹ má bi mí bí ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ṣe ń gbé ènìyàn dé àgọ́ ọlọ́pàá. Èmi Ràfíátù fojú ara mi rí i ní Akpakpa, ní Kútọnu, ọdún kejì tí a gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Faransé.

Mùílíù ọkọ mi, ọmọ Ṣakété, ni olórí gbogbo gbẹ́nàgbẹ́nà àdúgbò wa. Lọ́jọ́ kan, Mìsíé Adéníyì, olùkọ́ tó kọ́ Látìn lọ́dọ̀ àwọn fadá, jókòó tì í ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní ọ̀rọ̀ "architecte" tí àwọn Faransé ń fi fọ́nnu yẹn, inú Látìn àwọn ará Róòmù ni wọ́n ti mú un. Àwọn ará Róòmù náà sì yá a lọ́wọ́ àwọn Gíríìkì ni. "Arkhi" ni olórí, "tekton" ni gbẹ́nàgbẹ́nà.

"Èmi gan-an nìyẹn!" ni ọkọ mi pariwo. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti fi ọ̀dà kọ ọ́ gàdàgbà sókè ilẹ̀kùn: ARCHITECTE.

Mo fi orúkọ ọmọ wa bẹ̀ ẹ́: "Bàbá Sìdíkàt, ẹ pa nǹkan yìí rẹ́! Ẹni tó bá ṣe bó ti mọ kì í tẹ́ o!" Ṣé ó gbọ́? Ẹ̀rín ló ń rín.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, ògiri ilé tuntun kan wó ní àdúgbò Jonquet, ó sì pa ọkùnrin kan. Yéè! Ilẹ̀kùn nìkan ni ọkọ mi ṣe níbẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá ní architecte làwọn ń wá, kíá ni àwọn ará àdúgbò júwe ilé wa fún wọn. Ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe dè é lọ́wọ́. Ṣùbúhánálláhì!

Ní àgọ́ tí a tẹ̀lé e dé, Mìsíé Adéníyì ń làágùn, ó ń ṣàlàyé Látìn. Ọ̀gá ọlọ́pàá ní architecte lẹni tó ya àwòrán ilé, òun náà ló máa ṣẹ̀wọ̀n rẹ̀ tó bá wó. Ó wá kọjú sí ọkọ mi. "Kí niṣẹ́ ẹ?"

"Gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí, ọ̀gá."

"Olùkọ́ yìí ní olórí gbẹ́nàgbẹ́nà ló ń jẹ́ architecte. Ṣé olórí wọn ni ọ́?"

Gbogbo gbẹ́nàgbẹ́nà Akpakpa ló kún ẹnu ọ̀nà, àwọn tó ń dọ̀bálẹ̀ fún un láràárọ̀. Ọkọ mi wò wọ́n.

"Rárá o. Gbẹ́nàgbẹ́nà lásán ni mí."

Wọ́n tú u sílẹ̀. Èmi tí mo ti kó èébú sẹ́nu dè é, ẹkún ni mo bú sí.