Ohun Tó Ṣe Jíípù Bàbá Atẹ̀wé

Tún-un-tẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe mẹkáníìkì náà, nítorí pé kò sí ọkọ̀ tí yóò yẹ̀ wò tí kò ní sọ fún ẹni tó jókòó sídìí sítíárì pé, "Tún un tẹ̀. Tún un tẹ̀ díẹ̀ sí i." Aláwàdà èèyàn ni tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Bàbá Atẹ̀wé ti sin ìyàwó rẹ̀, àwàdà ti gbẹ lẹ́nu Tún-un-tẹ̀, iṣẹ́ náà sì ń gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá Atẹ̀wé, tó fi iṣẹ́ ìwé títẹ̀ jẹun títí tó fi fẹ̀yìn tì, ń sọ ọ́ káàkiri pé Tún-un-tẹ̀ ló pa ìyàwó òun. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àìsàn kọlu obìnrin náà ní abúlé ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ tí òjò ńlá rọ̀. Ọkọ rẹ̀ gbé e sẹ́yìn jíípù, ó forí lé ọsibítù. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ alámọ̀ kan wà lójú ọ̀nà náà tí ọkọ̀ kankan kì í gùn lójò, àfi jíípù yìí. Lọ́jọ́ náà, jíípù kọ̀. Tayà ẹ̀yìn ń pòòyì nínú ẹrẹ̀, tiwájú dúró gbọin. Kí àwọn èèyàn tó wá tì í gùn ún, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò tíì pẹ́ tí Tún-un-tẹ̀ tún ọkọ̀ náà ṣe. Ta ni wọn ì bá tún di ẹ̀bi rù?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá fúnra rẹ̀ wa jíípù náà wọ ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá."

Bàbá ju kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì. "Tú u níṣojú mi. Mo fẹ́ fojú ara mi rí ohun tó o bà jẹ́."

Tún-un-tẹ̀ mú kọ́kọ́rọ́ náà. Òun náà fẹ́ mọ̀, ẹ̀rù sì ń bà á láti mọ̀. Tí wọ́n bá ní èèyàn lo pa, tí ìwọ náà sì mọ̀ pé ọwọ́ rẹ ló kan nǹkan ọ̀hún gbẹ̀yìn, oorun wo lo fẹ́ sùn?

Ó bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọkọ̀ àgbà ti máa ń ṣàárẹ̀. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ha ìdọ̀tí funfun kúrò lórí bátìrì, ó tọ wáyà dé ìdí, ó yọ àwọn fíúùsì wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Iná dé gbogbo ibi tó yẹ kó dé. Ó yọ asẹ́ epo, ó fẹnu fẹ́ ẹ, ó mọ́. Ó fi jáàkì gbé ọkọ̀ náà sókè, ó ní kí bàbá wọlé, kó fa gíà fóò-wíìlì tó ń mú tayà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣiṣẹ́. Bàbá fà á, iná kékeré kan tàn níwájú rẹ̀. "Ẹ tún un tẹ̀, bàbá." Injínì dún ketekete. Tún-un-tẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Irin gbọọrọ tó ń gbé agbára lọ síwájú ń yí dáadáa. Tayà iwájú nìkan ni kò yí.

Ìyẹn ò bá a lójijì. Nínú irú jíípù àtijọ́ yìí, fífa gíà nìkan ò tó. Ohun róbótó kan wà láàárín tayà iwájú kọ̀ọ̀kan, ó tó ẹnu ife. Kọ́kọ́rọ́ tayà ni wọ́n ń pè é. Èèyàn gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀, kó fọwọ́ yí i lápá ọ̀tún, kó yí i lápá òsì, kí tayà iwájú tó bá ti ẹ̀yìn ṣiṣẹ́. Béèyàn ò bá yí i, iná á tàn, irin á yí, tayà iwájú ò sì ní mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bẹ̀ níṣẹ́.

"Bàbá, nígbà tẹ́ ẹ dé ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, ẹ sọ̀ kalẹ̀ yí i, àbí?"

"Yí kí ni?"

Tún-un-tẹ̀ gbójú sókè. Bàbá ò ṣàwàdà.

"Mo fa gíà, iná tàn. Kí ló tún kù?"

"Nígbà tó máa ń gùn ún ńkọ́, bàbá? Báwo lẹ ṣe máa ń ṣe é?"

Ẹ̀rín díẹ̀ yọ lójú bàbá, àkọ́kọ́ láti àárọ̀. "Màá dúró nísàlẹ̀. Ìyá wọn á lóun fẹ́ lọ wo ọ̀nà. Obìnrin yẹn ò fọkàn tán ìwakọ̀ mi rí! Á bẹ̀rẹ̀ síhìn-ín, á bẹ̀rẹ̀ sọ́hùn-ún, á wá fi ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ wọlé. Màá jágbe mọ́ ọn pé ó ń ba àga mi jẹ́. Á máa rẹ́rìn-ín. Nígbà náà ni màá wá fa gíà, a ó gùn ún bí ewúrẹ́."

Tún-un-tẹ̀ rántí ọdún tí jíípù náà dé, ọjọ́ tí obìnrin náà dá wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹni tó tà á fẹ́ ṣàlàyé, ọkọ mi ní òun kì í ṣe ọmọdé. O mọ̀ ọ́n, kì í fẹ́ kí wọ́n kọ́ òun. Kọ́ èmi." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí, Tún-un-tẹ̀ sì fi hàn án bí wọ́n ṣe ń yí i. Ó ti rò pé lọ́jọ́ kan, obìnrin náà á sọ fún ọkọ rẹ̀.

"Lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?" Kò fẹ́ bèèrè. Ẹnu rẹ̀ ló bèèrè.

Bàbá wolẹ̀. "Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ń fọwọ́ wá ilẹ̀kùn, ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sínú òjò. Mo ní, kí lò ń wá níta? Ó ń yí ọwọ́ báyìí, báyìí." Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń yí i bí ẹni tó ń ṣí ìdérí ìkòkò. "Mo rò pé àìsàn ti dé ọpọlọ rẹ̀ ni. Mo ti ilẹ̀kùn pa mọ́ ọn. Ó sunkún. Ohun tó ṣe kẹ́yìn nìyẹn."

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu la fi ń sọ ọ́. Irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ wà tí ẹnu ò gbé. Bí Tún-un-tẹ̀ bá là á sílẹ̀ báyìí, kí oòrùn tó wọ̀, orúkọ rẹ̀ á ti mọ́, àwọn oníbàárà á padà. Ṣùgbọ́n bàbá arúgbó yìí á máa rí ọwọ́ yẹn títí ọjọ́ tí yóò kú.

Ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ. Ó sùn sílẹ̀ níbẹ̀, ó sunkún, kò sì jẹ́ kó dún. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Bàbá, mo ti rí i."

"Kí ni?"

"Bóòtì kan ni. Èmi ni mi ò dì í le nígbà tí mo tún un ṣe. Òun ni ò jẹ́ kí tayà iwájú ṣiṣẹ́. Ẹ̀bi mi ni."

Tún-un-tẹ̀ jáde, ó mú òòlù, ó yí kọ́kọ́rọ́ tayà méjèèjì sí ibi tí wọ́n ti ń di tayà mú, ó sì lu ẹnu wọn pa, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má lè yí wọn mọ́. Jíípù náà yóò máa jẹ epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kó máa jẹ ẹ́. Ó sàn kí ó jẹ epo ju kí mẹkáníìkì mìíràn ṣàlàyé fún bàbá lọ.

Wọ́n jọ wà á lọ sí òkè alámọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé ìlagi, níbi tí òjò àná ti sọ ilẹ̀ di ẹrẹ̀ tó ń yọ̀. Bàbá fa gíà. Jíípù náà gùn ún láìjanpata. Ní orí òkè, bàbá pa injínì, ó gbé orí lé sítíárì, èjìká rẹ̀ ń mì.

"Ìwọ lo pa á."

"Èmi ni, bàbá. Ẹ dárí jì mí."

"Mi ò lè dárí jì ọ́." Ó nu ojú. "Ṣùgbọ́n o ṣeun tó o sọ òótọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń rò ó pé bóyá ohun kan wà tó yẹ kí n ṣe tí mi ò ṣe."

"Kò sí, bàbá. Kò sí ohun tẹ́ ẹ ò ṣe."

Bàbá ní kó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òun, kó má sì kí òun mọ́ níbi tí wọ́n bá ti pàdé. Tún-un-tẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó rọra ti ilẹ̀kùn, ó sì fẹsẹ̀ rìn. Kó tó délé, ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Wọ́n ní ẹ jẹ́wọ́. Ṣé òótọ́ ni?"

Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Òótọ́ ni," ó sì wọlé lọ wẹ ọwọ́.