Ìbọn Inú Ìró

"Ẹ má fi epo pa á mọ́, ẹ jọ̀ọ́," ni Ọ̀mọ̀wé Adéjìmí wí. Ó gbé ìbọn náà sórí tábìlì ní ọ́fíìsì rẹ̀ l'Ákọkà, ó sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbá ìpáàrà ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí àmì adé kékeré kan fi yọjú, tí ọdún sì tẹ̀lé e: 1868.

"Ó ṣáájú Ogun Kírìjì. Ìyá, ta ló ni ín?"

"Bàbá ọkọ mi ló fi sílẹ̀ fún ọkọ mi," ni Oyèbísí dáhùn. "Lọ́jọ́ tí Bọ̀dá Ezekiel, àbúrò ọkọ mi, wá kó ẹrù òkú, ó ta á nípàá, ó ní kí n fi dáná ẹja."

Dárasími, ọmọ rẹ̀ obìnrin, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò gbójú sókè. Ọwọ́ rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń dì mú rìn látìgbà tí awọ funfun ti bo ẹyinjú ìyá náà nídìí ẹja yíyan ní Bàrígà. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ lè ṣí i, bí owó bá wà.

"Ṣé ó tó ojú kan?" Oyèbísí béèrè.

Ọ̀mọ̀wé rẹ́rìn-ín. "Ó tó méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí n kọ̀wé sáwọn tó ń ra irú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sọ fẹ́nì kankan o."

Ìró àdìrẹ tí olóògbé rà nígbà ìkómọ Dárasími ni wọ́n fi wé ìbọn náà padà sílé.

Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti tọ́ Oyèbísí, opó kì í ta ohun ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn ẹbí ọkọ. "Bí mi ò bá sọ fún Bọ̀dá Ezekiel, wọn á ní mo jalè." Ó rán Dárasími sí Ṣómólú. Kí Màámi dúró ná, ni ọmọ náà fẹ́ wí. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán an.

Ezekiel bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ọdún wo ni alákọ̀wé yẹn pè é?"

Lọ́jọ́ kejì, ọlọ́pàá ya wọlé. "Láísẹ́ǹsì dà? Àbí ẹ̀yin lẹ ń yá àwọn ọmọọ̀ta níbọn?"

"Ẹ dákun, ogún ni!"

"Inú àtìmọ́lé lẹ ó ti jogún ẹ̀."

Wọ́n kó ìyá, wọ́n kó ìbọn. Dárasími sáré tẹ̀lé wọn.

Nírọ̀lẹ́, Ezekiel dé àgọ́ ọlọ́pàá tòun ti báàjì ẹgbẹ́ òṣèlú láyà. Ológun ti lọ, alágbádá ti dé; òun náà ti di ẹni à ń dìde kí. Ó bọ ọ̀gá wọn lọ́wọ́, ọwọ́ náà sì pẹ́ nínú ọwọ́ kó tó jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ láísẹ́ǹsì.

"Ìyàwó wa ni, ẹ fi í sílẹ̀. Ìbọn ìdílé wa, èmi ni n ó máa tọ́jú ẹ̀. Alága ẹgbẹ́ wa fẹ́ràn nǹkan àtijọ́."

Oyèbísí kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì. "Ẹ ṣeun, ọkọ mi. Ọlọ́run á gbè yín."

"Ẹ dìde, ìyàwó wa. Ẹbí kì í fi ẹbí sílẹ̀." Ó gbé ìbọn náà ní ìhòòhò sẹ́yìn mọ́tò, ó lọ.

Oyèbísí táràrà dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. "Ìró tí mo fi wé e ńkọ́?"

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà, ọlọ́pàá kan gbé ẹsẹ̀ lé bẹ́ǹṣì, ó ń nu bàtà.

"Dárasími, nǹkan kan ń ṣe bí aró lójú mi lọ́wọ́ ẹni yẹn. Kí ló mú dání?"

Dárasími wo àdìrẹ náà. Ó di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

"Àkísà ni, Màámi. Ẹ rọra o, àtẹ̀gùn ń bẹ níwájú."