Nọ́ọ̀tì Tó Ṣẹ́ Kù

Ní Ládìpọ̀, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ọ̀gá Oyèwọlé kì í fojúure wo mẹkáníìkì tó bá to ẹ́ńjìnnì tán tí nọ́ọ̀tì sì ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́. "Ọkọ̀ yìí á dá yín dúró lọ́nà," ni yóò wí, yóò sì ní kí wọ́n tú u palẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tí egbò mú kó wú bíi búrẹ́dì rọlẹ̀ díẹ̀, ó gbàgbé òfin ara rẹ̀. Dókítà ní kó lo kápúsù rẹ̀ tán. Kò lo tàárọ̀ yìí. Ńṣe ló ń wé ìyókù sínú bébà fún Túbọ̀sún ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó jókòó tì í, tó ń wúkọ́.

"Ẹsẹ̀ mi ti san," ó sọ fún Sìdíkàt ìyàwó rẹ̀. "Ṣé kí n máa jẹ oògùn bí ẹ̀pà ni?"

Sìdíkàt rẹ́rìn-ín. "Bàbá Rilwan, ṣé ẹ ti to ẹ́ńjìnnì tán? Nọ́ọ̀tì wo ló wá wà lọ́wọ́ yín yẹn?"

Oyèwọlé wo kápúsù, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀. Ó ṣì gbóná. Àìsàn tí a kò bá lé tán lè padà wá, kí oògùn má sì ràn án mọ́.

"Ẹnu rẹ mú jù," ó wí, ó bu omi, ó gbé tàárọ̀ mì.

"Tèmi wá ńkọ́?" Túbọ̀sún bi í.

"Ẹ̀gbọ́n, ọsibítù ni kẹ́ ẹ lọ," Sìdíkàt fèsì. "Ta ló ń gbé ẹ̀yà ara Tòyótà sínú Họ́ńdà láì tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì?"

Túbọ̀sún rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gba ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀.