Ẹni Tó Da Yìnyín Bo Ọkọ Mi

Yìnyín rọ̀ lábúlé wa débi pé ó bo fèrèsé ìsàlẹ̀. Lọ́jọ́ tí oòrùn padà yọ, Velin, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ti dé ẹnu ọ̀nà wa láàárọ̀, ó gbé pátákó tí a fi ń yọ̀ lórí yìnyín sí èjìká.

"Stamen, dìde! Àbí o fẹ́ kí àwọn ará ìlú Sofia wá fẹsẹ̀ ba yìnyín tuntun jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́?"

"Bọ̀dá Velin," mo ní, "ẹ jẹ́ kó di ọ̀la. Afẹ́fẹ́ fẹ́ mọ́jú, ó ti kó gbogbo yìnyín jọ sí ẹ̀gbẹ́ òkè tó kọjú sí wa."

"Ìyàwó wa, tí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, jókòó sílé kí o yan búrẹ́dì bánítsà dè wá."

Stamen, ọkọ mi, ń rẹ́rìn-ín, ó ń wá bàtà. Mo tẹ̀ lé wọn, torí mi ò lè fi ọkọ mi lé Velin lọ́wọ́.

Nínú igbó páìnì, kò séwu. Bí a ṣe jáde sí gbangba ni ilẹ̀ dún hùmùù lábẹ́ wa, yìnyín sì sán níwájú mi bí àwo.

"Ṣé ẹ gbọ́ yẹn? Yìnyín tuntun yìí ò lẹ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká padà sínú igbó."

Velin pòṣé, ṣùgbọ́n ó gbà. Ojú àfonífojì kan ló wà láàárín àwa àti igbó kejì. A fẹnu kò pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ni yóò máa kọjá, kí àwọn tó kù dúró máa wò ó. Stamen ló kọ́kọ́ lọ.

Kò tíì dé àárín tí mo gbọ́ ìró lókè orí mi. Velin ti yọ́ gun òkè lọ lẹ́yìn mi, ó ń yọ̀ bọ̀ lórí yìnyín tẹ́nikẹ́ni ò tíì tẹ̀, ó ń hó bí ọmọ tó bọ́ lọ́wọ́ ìyá ẹ̀.

"Ẹ dúró! Stamen wà lábẹ́ yín!" mo kígbe.

Yìnyín ara òkè bó sílẹ̀ bí awọ ẹran. Velin yà sórí àpáta, ó dúró síbẹ̀. Ọkọ mi gbójú sókè, mi ò sì rí i mọ́.

Ẹ̀rọ kékeré kan wà láyà kálukú wa tó máa ń ké kí a lè fi wá ẹni tí yìnyín bá bò. Mo yí tèmi sí ìwákiri, mo sáré. Ó ń darí mi lọ, ó tún ń darí mi bọ̀. Mo wẹ̀yìn: Velin ló dúró, ó ń wò, ẹ̀rọ tirẹ̀ ṣì ń ké, ó ń ṣi tèmi lọ́nà!

"Ìwọ Velin, pa nǹkan yẹn! Òpònú, pa á! Gbé ṣọ́bìrì!"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo pè é ní ìwọ. Mo yọ ọ̀pá gígùn nínú àpò ẹ̀yìn mi, mo ń fi gún inú yìnyín títí ó fi kan ohun tó rọ̀. Mo gbẹ́, mo ń sunkún, mo ń ṣépè. Nígbà tí ojú Stamen yọ, ètè rẹ̀ dúdú bí èédú. Mo fi ìka kó yìnyín kúrò lẹ́nu rẹ̀, mo fẹ́ èémí sí i, ó wúkọ́.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ìyá wọn se àsè. Velin gbé ife ọtí ràkíà sókè: "Bí èmi àti ìyàwó wa ò bá yára gbẹ́ ẹ jáde, ì bá ti kú!"

Mo dìde. "Ta ló rì í mọ́lẹ̀?"

"Zornitsa," Màmá ní, "ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n."

"Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́, Màmá. Kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

Velin wo inú ife. Stamen náà wo inú ife. Mo gbé ẹ̀wù mi, mo bọ́ síta.

Stamen ti dárí jì í, wọ́n jọ ń mutí. Èmi kọ́. Velin fẹ́ máa kó àlejò gòkè lọ yọ̀ lórí yìnyín báyìí. Gbogbo ilé ìtura abúlé wa ni mo ti dé, mo sì sọ fún wọn ohun tó ṣe. Wọ́n ní mò ń ba orúkọ ẹbí jẹ́. Kó bàjẹ́!