Ìjàpá Tí Mọ̀ríámọ̀ Ń Pè Ní Ọkọ

Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Ẹni tó bá ti wà nílé kí ìyàwó tó dé, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́, ọkọ rẹ̀ ni, ìnagijẹ ni yóò sì fún un. Nígbà tí Mọ̀ríámọ̀ wọ ilé Israfil l'Ọ̀yọ́, kò bá ẹ̀gbọ́n ọkọ, kò bá àbúrò ọkọ. Mọ́tò ló bá: Fọ́ksíwájìn kékeré kan, dúdú tó ń dán, irú èyí tí gbogbo ayé ń pè ní ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ Israfil ní kí ìyàwó kí ọkọ rẹ̀ kékeré. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n Mọ̀ríámọ̀ kì í fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣeré. Ó kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́ níwájú iná mọ́tò, ó ní, "Adúmáadán, ẹ kú ilé o." Orúkọ tó ń jẹ́ títí di òní nìyẹn.

Israfil kú, mọ́tò kò kú. Inú gáréèjì tó kọjú sí títì ló wà, opó sì ń tọ́jú rẹ̀ ju bó ṣe ń tọ́jú ara rẹ̀ lọ. Kò mọ̀ ọ́n wà o. Ohun tí ọkọ rẹ̀ kọ́ ọ kò ju bí wọ́n ṣe ń sítáàtì rẹ̀ lọ. Láràárọ̀ Jímọ̀, á fọ̀ ọ́, á fi aṣọ gbígbẹ nù ún, á sítáàtì rẹ̀, á jókòó sínú rẹ̀ díẹ̀, kó tó lọ wẹ̀ fún ìrun. Ọdún ń gorí ọdún, mọ́tò kò lọ síbì kankan, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i, ẹ ó ní àná ni wọ́n rà á.

Nígbà tí Haneefah, ọmọ rẹ̀ obìnrin, bímọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, Mọ̀ríámọ̀ di ẹrù rẹ̀ láti lọ tọ́jú abiyamọ títí ọmọ yóò fi pé ogójì ọjọ́. Mashood, àkọ́bí rẹ̀, ló fi ilé sílẹ̀ fún.

"Gbogbo Jímọ̀ ni o, Mashood. Má jẹ̀ẹ́ kí ọkọ mi sùn jù."

"Ẹ máa lọ, Màámi. Ọkọ yín wà lọ́wọ́ mi."

Èmi ò ní pe Mashood lólè. Ọmọ dáadáa ni, ilẹ̀ ló ká mọ́ ọn. Onílé tó yá a ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún fóònù ṣe lọ́jà Akẹ̀sán ti ní kó kó jáde. Bẹ́ẹ̀, gáréèjì bàbá rẹ̀ wà lójú títì gbangba, tí ìjàpá tí kò lọ sóko, tí kò lọ sódò, jókòó sínú rẹ̀ bí ọba. Ó gbé àwòrán mọ́tò náà sórí Wasáàpù pé òun fẹ́ tà á. Kò pẹ́ tí ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Ọládipúpọ̀ fi pè é. Ó ń wá mọ́tò àtijọ́ tí àwọn ìyàwó tuntun yóò máa jókòó sí ya fọ́tò. Ọkùnrin náà dé, ó wò ó, ẹnu rẹ̀ kò lè padé, ó sanwó, ó sì wà á lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Mashood kò tilẹ̀ bi í pé ìlú wo ló ń gbé e lọ. Ìgbà tí Ọládipúpọ̀ pè pé òun ti dé Ògbómọ̀ṣọ́ láyọ̀ ni àyà rẹ̀ tó já.

"Màá sọ fún wọn tí wọ́n bá dé," ló wí fún Zulaikha, ìyàwó rẹ̀.

"Kí ló dé tó ò sọ ọ́ kó o tó tà á?"

Mashood mọ ohun tí ìyá rẹ̀ ì bá sọ, ìdí nìyẹn tí kò fi bi í.

Nígbà tó di Jímọ̀, ìyá rẹ̀ pè. "Ṣé o ti sítáàtì rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Gbé fóònù sún mọ́ ọn, kí n gbọ́ ohùn rẹ̀."

Mashood wò yíká bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Ó sáré lọ sẹ́yìnkùlé, ó fa okùn jẹnẹrétọ̀ kékeré, ó gbé fóònù tì í. Ìyá rẹ̀ tẹ́tí fúngbà díẹ̀.

"Ohùn rẹ̀ ti há," ló wí. "Òtútù ti mú un. Ọkọ mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o, mò ń bọ̀."

Mashood pa jẹnẹrétọ̀. Ojú tì í débi pé kò lè wo Zulaikha. Ó kírun Jímọ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í pé kí ni lèmọ́mù wí nínú wáàsí, kò mọ̀.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, Ọládipúpọ̀ tún pè, inú rẹ̀ ń dùn.

"Bọ̀ọ̀dá Mashood, mo rí Mọ́mì yín ní Takie, l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí o! Mo dúró káwọn ọlọ́kadà kọjá ni mo gbọ́ 'Adúmáadán! Adúmáadán!' Wọ́n kúnlẹ̀ níwájú mọ́tò lójú títì. Wọ́n ní ọmọ àwọn ti gbé ọkọ àwọn wá mú àwọn relé. Ìgbà tí wọ́n rójú mi ni wọ́n dìde. Mo ní Ọ̀yọ́ ni mo ti rà á, lọ́wọ́ Mashood."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Èrò ti ń pé lé wa lórí, ẹnì kan tiẹ̀ ti ń bi mí bóyá ṣe ni mo jí mọ́tò. Àfi bí Mọ́mì ṣe ní, 'Òótọ́ ló wí. Èmi ni mo ní kí ọmọ mi tà á.' Wọ́n ṣàdúrà fún mi. Wọ́n tún kọ́ mi bí mo ṣe máa fi sùúrù sítáàtì rẹ̀ láàárọ̀. Ìyá rere lẹ ní o!"

Mashood wọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Òwódé, ẹ̀bẹ̀ ló sì ń tò sẹ́nu títí ó fi sọ̀ kalẹ̀. Haneefah ló ṣílẹ̀kùn fún un. Kò kí i, ó yíjú padà, ó gba ilé ìdáná lọ.

Ìyá rẹ̀ na ẹsẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹní, ó ń fi òrí pa ọmọ lára. Mashood dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Màámi, ẹ dárí jì mí. Mo—"

"Dìde. Ṣé àlàáfíà lo dé? Zulaikha ńkọ́?"

"Màámi, mo ta mọ́tò."

"Èmi ni mo ní kó o tà á." Ohùn rẹ̀ kò ga rárá. "Mo ti wí bẹ́ẹ̀ ní Takie, lójú gbogbo ayé. Má sọ mí di òpùrọ́ lọ́jọ́ alẹ́ mi."

Mashood kò dìde. Ó ti múra sílẹ̀ fún èébú, ó ti múra sílẹ̀ fún ẹkún, ó tiẹ̀ ti múra sílẹ̀ fún ìfọ́tí. Kò múra sílẹ̀ fún èyí.

"Ẹ bú mi, Màámi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bú mi."

"Kí ni n óò bú ọ fún? Ọmọ tí mo rán níṣẹ́, tó sì jẹ́ ẹ?" Ó yí ọmọ dojú bolẹ̀, ó ń pa á lẹ́yìn.

Mashood ní, "Ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ogójì. Èmi fúnra mi ni màá wá mú yín."

"Mú mi lọ síbo?"

"Ilé wa, l'Ọ̀yọ́."

Ìgbà yẹn ni Mọ̀ríámọ̀ tó gbójú sókè wò ó. "Mashood, nígbà tí bàbá yín lọ, àwọn ẹbí mi ní kí n máa bọ̀ nílé. Mo ní rárá, ọkọ mi kan ṣì kù níbẹ̀. Ní báyìí, ta ni mo fẹ́ padà lọ bá?"

"Èmi ńkọ́, Màámi?"

"Ọmọ ni ọ́." Ó gbé ìkókó pọ̀n, ó so ọ̀já, ó dìde. "Máa lọ, kílẹ̀ má ṣú bá ọ lọ́nà. Kó ọjà rẹ sínú gáréèjì. Àyè ti wà."

Ó sì wọ yàrá lọ.